Bọ̀dá Rambo Ra Ọ̀bẹ

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Rambo kú ọjà. Wọ́n ra ọ̀bẹ. Kì í ṣe ọ̀bẹ àlùbọ́sà o. Ọ̀bẹ igbó ni, èyí tí kì í ṣẹ́ po sínú èèkù, tó máa ń dúró gbọn-in nínú àkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí. Ìyàwó ti rí i. Onílé ti rí i. Fọkanáísà tó wà ní oríta ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Igbó nìkan ni kò tíì rí i.

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀, nítorí Bọ̀dá Rambo kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n wà ní Ṣúrùlérè, wọ́n wà ní Bódìjà, wọ́n pọ̀ ní Houston. Ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀ ni pé ọ̀bẹ wọn máa ń tóbi ju ìrìn àjò wọn lọ. Bí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ bá fẹ́ lọ wo omi Olúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, gbogbo èèyàn á gbé omi inú ike àti gúgúrú dání, Bọ̀dá á fi ọ̀bẹ há ìbàdí, wọ́n á sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí fótò lè mú un dáadáa. Láti ìsàlẹ̀ omi dé òkè, ohun kan péré ló máa wá ọ̀bẹ: ọ̀rá bísíkíìtì tó kọ̀ tí kò ya. Bọ̀dá á fa ọ̀bẹ yọ, gbogbo èèyàn á sún sẹ́yìn. Wọ́n á rẹ́ ẹ, kò ní gé. Wọ́n á tún un rẹ́. Ọmọdébìnrin kan á gba bísíkíìtì náà lọ́wọ́ wọn, á fi eyín ja á.

Ẹ jẹ́ ká kúkú ki ọ̀bẹ náà, kó má sọ pé a fojú di òun. Ọ̀bẹ dúdú tí ń dán lóòrùn. Ọ̀bẹ eléyín lẹ́yìn, aláìléyín níwájú. Ọ̀bẹ tó gbé kọ́ńpáàsì sídìí, tí olówó rẹ̀ kò mọ̀nà dé Mọ́níyà. Ọ̀bẹ oníhò nínú èèkù: ìṣáná mẹ́ta, abẹ́rẹ́ kan, ìwọ̀ ẹja kan, okùn tín-ín-rín kan. Ọ̀bẹ tó mọ iṣẹ́ gbogbo, àfi iṣẹ́ gígé.

Ibi tí àrùn yìí ti wá kò ṣòkùnkùn. Ọdún 1982 ni fíìmù First Blood jáde, Sylvester Stallone ló ṣe Rambo. Alárọ ọ̀bẹ kan ní Arkansas, Jimmy Lile, ló ṣe ọ̀bẹ inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì gún régé, èmi ò ní bú u. Nínú fíìmù náà, Rambo ṣí ìdí èèkù ọ̀bẹ, ó mú abẹ́rẹ́ àti okùn jáde, ó fi rán apá ara rẹ̀ tó ya. Láti ìgbà náà ni àwọn ọkùnrin kan, tó jẹ́ pé ìyàwó ló ń bá wọn rán bọ́tìnnì tó bá já, ti ń wá ọ̀bẹ tó lábẹ́rẹ́ nínú kiri.

Ohun tí wọn ò bi ara wọn ni pé ta ló ṣe èyí tí àwọn rà. Lile ti kú tipẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ Bọ̀dá, àwòrán tirẹ̀ ni ẹnì kan wò tó fi dá a, ẹlòmíràn sì tún wo ti ẹni yẹn. Kí èèkù tó lè níhò nínú, irin ọ̀bẹ ní láti dá dúró lẹ́nu rẹ̀. Nínú àwọn ayédèrú wọ̀nyí, bóòtù kékeré kan ló sábà máa ń di irin mọ́ èèkù. Ẹ fi gé igi tó le díẹ̀ pẹ́rẹ́, ojú ọ̀bẹ á bọ́ sílẹ̀, èèkù á kù lọ́wọ́ Bọ̀dá pẹ̀lú kọ́ńpáàsì. Ó kéré tán, wọ́n á lè mọ apá ibi tí ọ̀bẹ fò lọ.

Eyín ẹ̀yìn ọ̀bẹ ńkọ́? Bọ̀dá ní igi làwọn fẹ́ fi rẹ́. Ẹ̀yin ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti dán an wò rí. Àwọn awakọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà ní ọ̀bẹ tó léyín lẹ́yìn báyìí, kí ẹni tí bàálù rẹ̀ bá já lè fi ya alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, kó rọ́nà jáde. Iṣẹ́ tí eyín náà wà fún nìyẹn. Tí bàálù bá gbé Bọ̀dá já sí Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ti múra sílẹ̀, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ṣùgbọ́n lára igi tútù, èèpo ni eyín yẹn máa ha tó máa fi há. Ó tún wá ba ẹ̀yìn ọ̀bẹ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀bẹ tó tẹ́jú wúlò púpọ̀. Ibẹ̀ la máa ń fi àtàǹpàkò tì bí a bá ń gbẹ́ nǹkan. Ibẹ̀ la máa ń fi kùmọ̀ lù bí a bá fẹ́ la igi ìdáná wẹ́wẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò yín ti eyín yẹn wò, kí ẹ wá ròyìn fún mi.

Àti ilà gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀bẹ! Bọ̀dá á rẹ ohùn sílẹ̀ tí wọ́n bá dé ibẹ̀: “Ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ máa ń gbà nìyẹn.” Ẹ̀jẹ̀ ta ni, Bọ̀dá? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pe ìyá yín nílé kí wọ́n wá bá yín dúńbú adìẹ Kérésì. Torí ìfúyẹ́ ni wọ́n ṣe gbẹ́ ilà náà, kí irin má wúwo jù, tán.

Kí ẹ má rò pé ìran tiwa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1884 ni George Washington Sears, tó ń pe ara rẹ̀ ní Nessmuk, tẹ ìwé rẹ̀, Woodcraft, jáde ní Amẹ́ríkà. Aránbàtà ni ní Pennsylvania, ó kúrú, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n inú igbó ni ilé rẹ̀ kejì. Nínú ìwé náà ló ti fi àwọn ọ̀bẹ ọdẹ gbàǹgbà-gbàǹgbà tó ń bẹ lórí àtẹ ìgbà ayé rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, pé wọ́n nípọn, wọ́n wúwo, wọn ò wúlò. Ọ̀bẹ tirẹ̀ fẹ́lẹ́. Àáké kékeré olójú méjì ló fi ń gé igi, ọ̀bẹ kékeré tó ń ṣẹ́ po sì wà lápò fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ó lé ní 140 ọdún tí aránbàtà ti bá Bọ̀dá wí. Bọ̀dá ní àwọn ò gbọ́.

Ẹ ò sì tiẹ̀ nílò kí ẹ dé Pennsylvania. Ẹ wo àgbẹ̀ tó bá ń ti oko bọ̀ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àdá wà ní èjìká rẹ̀, bóyá èyí tí wọ́n ya ọ̀nì sí lára, tí ilé iṣẹ́ Martindale ní àgbègbè Birmingham sọ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká nílẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀bẹ pẹ́ńpẹ́ wà ní ìbàdí tàbí nínú àpò. Àdá fún igbó, fún ẹ̀ka, fún ejò. Ọ̀bẹ fún bíbó, dídá, gbígbẹ́, fún ẹran. Àwọn ará Sweden àti Finland náà ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: àáké lápá kan, ọ̀bẹ kékeré lápá kejì. Ọ̀bẹ Bọ̀dá wá wà láàárín méjèèjì. Kò wúwo tó àdá, kò sì mú tó ọ̀bẹ. Ó ṣán igi, igi ò dá. Ó bó ọsàn, ọsàn di oje.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́jà. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín. Ìwọ̀n fífẹ̀ rẹ̀ ni kí ojú ọ̀bẹ yín gùn mọ, nǹkan bíi 10 sẹ̀ǹtímítà, ó lè fi díẹ̀ lé e. Mors Kochanski ló kọ́ni bẹ́ẹ̀ ní Kánádà. Olùkọ́ ìmọ̀ igbó tó gbówọ́ ni, ọdún 2019 ló kú, inú òtútù tó lè pa èèyàn ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé inú yìnyín ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ tó òun. Bọ̀dá tó ń lọ pátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Ògùn ní kò lè tó àwọn.

Ìdí ọ̀bẹ ló tún kàn, ibẹ̀ ni ẹ ó sì dúró pẹ́ sí. Irin ọ̀bẹ tó dáa kì í dúró lẹ́nu èèkù bí àlejò tí wọn ò ní kó wọlé. Ó gbọ́dọ̀ wọlé, kó lọ jìnnà. Èyí tó dájú jù ni èyí tí irin rẹ̀ fẹ̀ tó èèkù, tó gùn tó èèkù, tí ẹ máa ń rí etí rẹ̀ yípo láàárín igi méjì tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ọn. Tí ẹ bá máa fi kùmọ̀ lù ú, irú èyí ni kí ẹ rà. Àmọ́ àwọn kan ti wá sọ ọ́ di ẹ̀sìn. Tí irin kò bá ti fẹ̀ tó èèkù, wọ́n á ní pàǹtí ni. Irọ́ ńlá. Ọ̀bẹ Ka-Bar tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbà wọlé ní ọdún 1942, irin ìdí rẹ̀ kò fẹ̀. Ó kàn gùn la inú èèkù awọ já ni, wọ́n sì fi irin dé e nídìí. Ó lo ogun àgbáyé kejì, ó sì ń bẹ lọ́jà títí dòní. Ọ̀bẹ àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà, wọ́n á fi iná sun ìdí irin tó tín-ín-rín títí á fi pọ́n, wọ́n á kì í bọ igi, á jó ọ̀nà ara rẹ̀ wọlé. Tí ó bá gùn wọlé dáadáa, á bá yín jẹ iṣu fún ọdún púpọ̀. Ẹ má ṣáà fi la igi ìdáná. Nítorí náà, gígùn ni dandan, fífẹ̀ jẹ́ àfikún.

Èèkù fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó kún ọwọ́, kó má yọ̀ tí epo tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹja bá bá a. Ẹ sá fún èyí tí wọ́n ti gbẹ́ ojú ìka mẹ́rin sí, nítorí ìka ẹni tó gbẹ́ ẹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ẹ ò sì mọ ìyá rẹ̀.

Ó wá ku Ọ̀jọ̀gbọ́n Irin. Èyí yàtọ̀ sí Bọ̀dá Rambo, àbúrò wọn ni, ó kàwé. Kò ní í ra ọ̀bẹ eléyín láéláé. Nọ́ńbà lòun ń rà: 1095, 440C, D2, á máa kà wọ́n fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ ní kó bá yín dá okùn kan, á ní rárá o, ojú ọ̀bẹ òun á kú. Ẹ jẹ́ ká gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ńbà. Irin 1095 ní kábọ́ọ̀nù tó sún mọ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń mú kíákíá lórí òkúta, ó sì ń dógùn-ún kíákíá lára òógùn. Irin tí kì í tètè dógùn-ún ní chromium nínú, ó kéré tán ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Òun náà ń mú, àmọ́ àwọn olówó ńlá inú wọn máa ń bá òkúta jà kí wọ́n tó gbà. Ìbéèrè tí mo máa bi yín kò kan nọ́ńbà rárá. Ṣé ẹ jẹ́ ẹni tó ń nu ọ̀bẹ, tó sì ń fi òróró pa á? Kọ́kọ́rọ́ géètì yín dà? Tó bá ti dógùn-ún, ẹ ra èyí tó ní chromium, pàápàá tó bá jẹ́ Bàdágìrì tàbí Ìlàjẹ ni ẹ̀ ń gbé, níbi tí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ti níyọ̀. Tí olùtajà bá sì sọ pé irin tí àwọn dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ ni tòun, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Orúkọ ìpolówó ọjà ni. Kò sọ irin kan pàtó fún ẹnikẹ́ni.

Ó tún ku àwọn olólùfẹ́ Damascus, ọ̀bẹ tó ní àrànpọ̀ ìlà bí omi tó ń ṣàn. Ojúlówó wà, iṣẹ́ ńlá ni. Èyí tí wọ́n ta fún yín nínú sún-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà, ẹ fi sáńpépà rá a díẹ̀. Tí ìlà náà bá parẹ́, tí kò sì padà mọ́ bí wọ́n bá fi ásíìdì wẹ̀ ẹ́, wọ́n kàn ya ara rẹ̀ ni. Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé ẹ ti fi han àna yín.

Inú mi dùn pé Bọ̀dá Rambo kan gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tó lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ. Ó dé ibẹ̀ tòun tawò ojú, aago olówó ńlá lọ́wọ́.

“Àrọyè o, bàbá.”

“Ògún á gbè ọ́, ọmọ mi. Kí la ó bá ọ rọ?”

“Ọ̀bẹ igbó ni, sà. Ẹ jẹ́ kó gùn dáadáa. Kó léyín lẹ́yìn. Kó níhò nínú èèkù.”

“Ihò? Kí lo fẹ́ kó sí i?”

“Ìṣáná, sà.”

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ṣòkòtò rẹ yìí, ṣé kò lápò ni?”

Wọ́n mú ògbólógbòó sìpíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù kan nílẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó ti gbé ẹrù gbá kòtò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ títí ọkọ̀ fi kú tí òun ò kú. Irin gidi ni, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tó ti 1095, ṣùgbọ́n kì í ṣẹ́ bọ̀rọ̀. Bàbá máa fi ẹwìrì fẹ́ iná sí i títí á fi pọ́n, wọ́n á fi ọmọ owú lù ú dé ìwọ̀n, wọ́n á rì í sínú òróró kó lè le. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún yá a níná díẹ̀, nítorí èyí tó bá le láìrọ̀ rárá, tó bá já lórí àpáta, á fọ́. Ibi ìyáná kejì yìí ni àwọn alágbẹ̀dẹ kan ti máa ń kánjú. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní mú sìpíríǹgì rárá, irin ìkọ́lé ni wọ́n á lù ní pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n ń kó sínú kọnkéré. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní kábọ́ọ̀nù tó láti le, iná ò ní ràn án, òróró ò ní ràn án. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n fi irin hàn yín kí wọ́n tó kì í bọná. Tí wọ́n bá ṣe tán, ẹ fi fáìlì ha ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Tó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó ti le. Tó bá ń jẹ ẹ́ wọ̀ọ̀ wọ̀ọ̀, ẹ má tíì sanwó.

Àkọ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í wò rárá, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló wà láàárín ọ̀bẹ àti itan yín. Ẹ ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ yín kúrò níbẹ̀ ná. Tí ọ̀bẹ bá jábọ́, àpò lásán ni, kì í ṣe àkọ̀. Àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́ á ṣe èyí tó dáa fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀bẹ gbé inú awọ láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Awọ máa ń gba omi mọ́ra, á sì fi í wẹ ọ̀bẹ lálaalẹ́.

Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà ilé àgbẹ̀dẹ, kó ra Morakniv. Ìlú Mora ní Sweden ni wọ́n ti ń ṣe é, èèkù ike, àkọ̀ ike, ojú tó tó nǹkan bíi 10 sẹ̀ǹtímítà, nínípọn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju mílímítà méjì lọ. Ìpọ́n rẹ̀ fẹ̀ tó sì tẹ́jú, ẹ kàn gbé e lé òkúta láìṣírò, ó ti wà ní ìwọ̀n. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn kò wọ́n. Mo fi ọ̀kan han Bọ̀dá Rambo rí. Wọ́n ní ọmọdé ló ni í. Wọ́n wá yá a lọ́wọ́ mi kí wọ́n fi ṣí páálí tí ọ̀bẹ tuntun tiwọn wà nínú rẹ̀.

Èyí tó ń gbé Peckham ló kù, ẹ̀gbọ́n tí a máa ń pè ní Bọ̀dá London. Tiwọn yàtọ̀, wọ́n ra ojúlówó. Irin la èèkù já, àkọ̀ awọ, gbogbo rẹ̀ pé. Wàhálà wọn ni pé wọ́n fẹ́ gbé e jáde. Òfin 1988 ibẹ̀ ní ọ̀bẹ àpò tó ń ṣẹ́ po, tí kò ní ohun tó ń tì í pa, tí ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì mẹ́ta lọ, ẹ lè fi sápò láìṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀bẹ tí kì í ṣẹ́ po, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó yè kooro, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún mẹ́rin. “Mo fi ń dáàbò bo ara mi” kì í sì í ṣe ìdí. Òfin náà dárúkọ iṣẹ́, ẹ̀sìn àti aṣọ ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdí. Bọ̀dá London gbọ́ ẹ̀sìn, inú wọn dùn: wọ́n á ní ọmọ Ògún làwọn. Ẹ wá lọ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ní Rye Lane, pẹ̀lú súyà lọ́wọ́, kí ẹ wo bóyá á bá yín ṣe àmín. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n tún ti fòfin de àwọn abàmì ọ̀bẹ eléyín tí àwọn ọmọ ìta ń gbé kiri ní England àti Wales, títí kan èyí tó wà nínú ilé. Ẹ rí i pé ọ̀ràn ọ̀bẹ yìí ti kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀.

Báyìí ni ọ̀bẹ tó dáa jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo mẹ́nu bà ṣe di ará ilé. Bọ̀dá London máa ń nù ún ní gbogbo alẹ́ Sátidé, wọ́n á fi òróró pa á, wọ́n á gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n kí àlejò lè bi wọ́n léèrè. Èmi bi wọ́n léèrè nígbà tí mo yà kí wọn. Wọ́n dìde, wọ́n tún aṣọ wọn ṣe, wọ́n na ọwọ́ sókè, ọwọ́ bá àkọ̀ lófìfo. Wọ́n pariwo orúkọ ìyàwó wọn. Ohùn kan dáhùn láti kíṣìnnì: “Ẹ ṣe sùúrù, mò ń bó iṣu lọ́wọ́!”